Òru Méjì Lẹ́bàá Adágún Trahlyta: Ohun Tí A Rí ní Ibùdó Ìpàgọ́ Vogel

Bí ẹ bá ń gbé ní Atlanta tàbí ní àwọn ìlú tó yí i ká, tí ẹ kò sì tíì sùn nínú àgọ́ rí láyé yín, Vogel State Park, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti bi mí léèrè ni kò ní sùúrù láti gbọ́ ìtàn. Ẹni tó bá ti mọ igbó bí ẹní mowó, tó ń wá ibi tí kò ti ní gbọ́ ohùn ọmọ ènìyàn kankan, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu débẹ̀. Igbó tí a ti tún ṣe ni, tó ní ilé ìwẹ̀, omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná, tí àgọ́ ẹnì kan kò sì jìnnà sí ti ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n fún ìdílé bíi tèmi, tó ní ọmọ méjì pẹ̀lú ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta, ìtúnṣe yẹn gan-an ló jẹ́ kí ìrìn-àjò náà ṣeé ṣe.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún Màmá pé a ó fi ilé sílẹ̀ lọ sùn nínú igbó fún òru méjì, wọ́n wo ìyàwó mi, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ogun ló lé àwọn baba wa wọ abẹ́ Olúmọ. Ẹ̀yin, kí ló ń lé yín?” N kò rí èsì fọ̀. Lójú tiwọn, ahéré ni ènìyàn ń sùn sí nínú igbó, iṣẹ́ oko ló sì ń gbé ni débẹ̀. Kí ènìyàn wá sanwó kó tó lọ sùn sórí ilẹ̀, ìyẹn kò yé wọn rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé wa.

Ọgbà ìgbafẹ́ náà wà lẹ́sẹ̀ Blood Mountain, òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4,458, láàárín igbó ọba Chattahoochee ní àríwá ìpínlẹ̀ Georgia, ní nǹkan bíi máìlì 11 sí gúúsù ìlú Blairsville. Ilẹ̀ ọgbà náà fúnra rẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bí éékà 233 péré ni, ṣùgbọ́n nítorí pé igbó ọba ló yí i ká, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò ní mọ ibi tí ọgbà parí sí. Láti Atlanta, bíi wákàtí méjì ni ọkọ̀ ń gbà bí ọ̀nà bá já gaara. Ẹ óò gba ọ̀nà Georgia 400 títí ẹ óò fi súnmọ́ Dahlonega, ìlú tí àwọn awagóòlù ya bò ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn náà ni ẹ óò bọ́ sí ọ̀nà US 19 tó ń yí kọ́ńdọ́kọ́ńdọ́ gun òkè lọ. Ẹ má ṣe bọ́ ọmọ ní àbọ́yó kí ẹ tó kan ọ̀nà yẹn. Àga ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n.

Ọ̀rọ̀ gbígba àyè ṣe pàtàkì ju bí àlejò ṣe máa ń rò lọ. Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ Georgia máa ń jẹ́ kí ènìyàn gba àyè láti oṣù 13 ṣáájú, àwọn tó mọ̀ sì ti ń dúró de ọjọ́ náà, pàápàá fún oṣù October tí ewé igi ń pọ́n lórí àwọn òkè wọ̀nyí. Inú oṣù August ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá àyè tí a ó lò ní October. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ti tán pátápátá. Ohun tó kó wa yọ ni pé àwọn ọmọ wà ní ìsinmi ráńpẹ́, a sì gba alẹ́ Ọjọ́rú àti alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí mo rí bí ọkọ̀ ṣe ń wọlé gìrọ́gìrọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí àwa ń jáde lọ, mo rí i pé pípẹ́ tí mo pẹ́ yẹn ló ṣe wá lóore.

Irú ibùsùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn ilé onígi, tí wọ́n lé ní 30, tí ènìyàn lè sùn sí láì fara kan ilẹ̀. Èkejì ni nǹkan bí àyè 90 tí ọkọ̀ lè wọ̀, tí ẹ̀rọ omi àti ibi tí a ti ń fa iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ alágbèéká tó ní yàrá àti ilé ìdáná nínú máa ń dúró sí. Ẹ̀kẹta ni àwọn àyè díẹ̀ tí a máa ń fi ẹsẹ̀ rìn dé, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ru ẹrù rẹ̀ láti ibi tí ó gbé ọkọ̀ sí. Torí ti Màmá, èkejì ni mo gbà. Àyè wa wà lẹ́bàá odò kékeré kan, ìró omi yẹn sì dùn mọ́ etí, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa nínú ọkọ̀ alágbèéká súnmọ́ wa débi pé mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń ro ṣúgà nínú kọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ àgọ́ ló gbé lọ, tí ara rẹ̀ sì le, àyè ẹlẹ́sẹ̀ ni kó gbà. Ìwọ̀nba ẹrù tí ẹ óò rù yẹn ni ó ń lé àwọn ọkọ̀ ńlá jìnnà.

Kí n tó dé orí òtútù, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àgọ́ fúnra rẹ̀. Ilé ìtajà kan tí n kò ní dárúkọ ló tà á fún mi, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé ènìyàn mẹ́fà ló gbà. Bí ènìyàn mẹ́fà bá máa sùn nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n tò bí ẹja títùsì inú páálí, kí ẹnikẹ́ni má sì yí padà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwa márùn-ún tí a wà níbẹ̀, apá ọmọ kan wà lórí mi, ẹsẹ̀ èkejì sì wà ní ọrùn ìyá rẹ̀. Iye ènìyàn yòówù tí wọ́n bá kọ sára àgọ́, ẹ yọ méjì kúrò nínú rẹ̀.

Òtútù ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kì í múra sílẹ̀ fún, nítorí pé ọ̀sán Atlanta máa ń tàn wọ́n jẹ. Ooru afẹ́fẹ́ máa ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6.5 fún ẹgbẹ̀rún mítà kan tí ènìyàn bá gùn, ìyẹn nìkan sì kọ́: bí òòrùn bá ti wọ̀, afẹ́fẹ́ tútù tó wà lórí òkè yóò máa ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ bí omi, yóò sì gbá jọ sínú àfonífojì tí adágún wà. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹ̀wù alápá kékeré ni mo wọ̀ tí mo fi ń kan èèkàn àgọ́ mọ́lẹ̀. Ní aago méjì òru, ìwọ̀n Celsius 4 ni ẹ̀rọ kékeré tí mo so mọ́ àgọ́ kà.

A ti fún Màmá ní ibùsùn oníròbà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, nítorí a rò pé òun ló rọ̀ jù, a sì kó bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lé wọn lórí. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Afẹ́fẹ́ inú ibùsùn bẹ́ẹ̀ ń rìn káàkiri nínú rẹ̀ ni, ó ń gbé ooru ara ẹni tó sùn sórí rẹ̀ lọ fún ilẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wà lókè kò sì lè rí nǹkan kan ṣe sí i. Mo gbọ́ ohùn Màmá nínú òkùnkùn: “Ilẹ̀ yìí ń fa ooru lára mi bí ọmọ ṣe ń fa ọmú.” N kò tíì rí ìwé kankan tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. A kó bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì kúrò lókè, a tẹ́ wọn sí abẹ́ wọn, a fi fóòmù pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ sùn lé kún un, a sì kó àwọn ọmọ sáàárín wa. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá ti ń hanrun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú aṣọ àgọ́ rin gbindin, mo sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ilé ìtajà náà pé àgọ́ wọn ń jò, kí n tó rántí pé òjò kò rọ̀. Èémí ènìyàn márùn-ún ni. Mo ti pa gbogbo ojú fèrèsé àgọ́ dé nítorí òtútù, oru èémí wa kò sì rí ibi gbà jáde, ó dá omi sára aṣọ bí ìgbà tí ìrì bá sẹ̀. Bó ti wù kí òtútù mú tó, ẹ fi ojú afẹ́fẹ́ tó wà lókè sílẹ̀ díẹ̀.

Òjò dé ní alẹ́ kejì. Aṣọ ìborí àgọ́ náà gbà á dáadáa, kò jò rárá, síbẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, mo na ọwọ́, mo sì bá a pé fóòmù mi ti ń léfòó. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ló wá wò ó ní òwúrọ̀. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi igi kan gbé etí ọ̀rá tí mo tẹ́ sí abẹ́ àgọ́ sókè, omi sì dà jáde bí ẹni tú garawa. Mo ti tẹ́ ọ̀rá náà fẹ̀ ju àgọ́ lọ, ó sì yọ jáde ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ méjì yí ká, nítorí mo rò pé bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe dáàbò bò wá tó. Gbogbo òjò tó ń ṣàn láti ara àgọ́ ló ń bọ́ sórí etí ọ̀rá yẹn, òun náà sì ń darí rẹ̀ wọ abẹ́ wa. Bàbá náà ká etí rẹ̀ sínú, ó fi pamọ́ sí abẹ́ àgọ́ pátápátá, ó gbá mi léjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Adágún náà ni ó yẹ kí ẹ torí rẹ̀ lọ. Éékà 22 ni fífẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó yí i ká sì tó máìlì kan, ó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi rìn ín yí po lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá lọ dúró sórí ìsé omi rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, kí òòrùn tó là, ẹ óò rí kùrukùru tó ń dìde lójú omi, Blood Mountain yóò sì wà níwájú yín gbọọrọ, pẹ̀lú òjìji rẹ̀ nínú omi. Ní October tí a lọ, àwọn igi kan ti pọ́n bí ata rodo, àwọn mìíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí iná, àwọn igi páìnì sì ṣì tutù yọ̀yọ̀ láàárín wọn. Lábẹ́ ìsé náà ni omi ti ń ya wálẹ̀ lórí àpáta; wọ́n ń pè é ní Trahlyta Falls. Ẹni tó bá ti gun Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kò ní pariwo fún un, àmọ́ ó dára.

Màmá bi mí pé ta ló ni omi náà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní òrìṣà tàbí ẹbọ kan. Mo sọ fún wọn pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Ìdílé Vogel, tí wọ́n ń ṣe awọ ní Milwaukee, ló ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, èèpo igi ibẹ̀ ni wọ́n sì ń bó láti fi ṣe awọ; nígbà tí wọ́n rí oògùn mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ èèpo igi, wọ́n fi ilẹ̀ náà ta ìpínlẹ̀ lọ́rẹ, ọgbà náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1931. Àwọn tó wá ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin Civilian Conservation Corps, iṣẹ́ ìjọba tí Ààrẹ Franklin Roosevelt dá sílẹ̀ ní 1933 nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ilé kékeré kan wà nínú ọgbà tí wọ́n kó àwọn ohun ìrántí wọn sí. Dọ́là 30 ni owó oṣù wọn, dọ́là 25 nínú rẹ̀ sì ń lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn nílé. Màmá yíjú sí mi nígbà tí mo sọ èyí. “Márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n! Ìjọba yẹn mọ ọmọ tọ́.” Ìyàwó mi wo ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní ti oúnjẹ, béárì dúdú ń bẹ nínú igbó yẹn, òfin sì ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ, kúlà, tàbí ìdọ̀tí pàápàá sílẹ̀ níta nígbà tí ẹ kò bá sí nídìí rẹ̀. Inú ọkọ̀ tí a ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kó wà, kì í ṣe inú àgọ́. Imú béárì lágbára ju ti ajá lọ, Màmá sì ti di irú wọ́n-ọn-wọ́n-ọn sínú ẹrù wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo rí i, mo fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, mo fi sínú ike olómorí, mo tún fi ike náà sínú kúlà, mo sì ti ọkọ̀ pa lẹ́ẹ̀mejì. Béárì kankan kò wá. Ọkọ̀ mi ló ṣì ń rùn títí di òní. Àyè kọ̀ọ̀kan ní àgbá irin tí a ń dáná sí pẹ̀lú ayanran lórí rẹ̀. Bọ̀ọ̀lì àti ẹja tí a sun níbẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú ni àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Ẹ má ṣe gbé igi ìdáná láti ilé lọ. Kòkòrò tó ń pa igi ash, tí wọ́n rí ní Georgia fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2013, máa ń bá igi ìdáná wọ igbó tuntun. Ẹ ra igi níbẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ mọ́, omi gbígbóná sì ń bọ̀. Ariwo gbọ́dọ̀ dákẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago méje òwúrọ̀, ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wa ń wá, ó ń lọ; ẹ sọ fún àwọn ará ilé kí ẹ tó wọ igbó.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rìn, ọ̀nà Bear Hair Gap, tó lé díẹ̀ ní máìlì mẹ́rin, ni kó gbà. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin rìn ín ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ga ju bí àwòrán rẹ̀ ṣe fi hàn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kékeré kan wà tó yà kúrò lára rẹ̀, tó gbé wa dé ibi tí a ti rí adágún náà nísàlẹ̀, ó kéré bí abọ́ omi. Ọmọ náà béèrè ibi tí omi yẹn ń lọ. Odò Nottely ló ń gbà lọ sínú odò Tennessee, Tennessee yóò bọ́ sínú Ohio, Ohio sínú Mississippi. Bẹ́ẹ̀ ni òjò tó bá rọ̀ sí ẹ̀yìn òkè kejì ń bá Chattahoochee lọ ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì pàdé nínú òkun kan náà, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ní kí n tún un sọ.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a yà ní Stonepile Gap, níbi tí ọ̀nà US 19 ti pàdé Georgia 60. Òkìtì òkúta kan wà láàárín oríta náà. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ọmọbìnrin Cherokee kan, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Trahlyta ni wọ́n sin síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ adágún náà. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò fi òkúta kan lé e kí ọ̀nà rẹ̀ lè dára. Ní 1838 ni ìjọba fi ipá kó àwọn Cherokee kúrò lórí ilẹ̀ wọ̀nyí. Màmá kò béèrè ìbéèrè kankan níbẹ̀. Wọ́n wá òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n gbé e lé orí òkìtì náà, ètè wọn ń mì, wọn kò sì sọ ohun tí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni.

A ó tún lọ ní April. Àyè ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ti gbà lọ́tẹ̀ yìí, mo sì ti ra fóòmù pẹlẹbẹ fún gbogbo wa. Màmá yóò ti padà sí Abẹ́òkúta nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun tó nípọn jù lọ nínú ẹrù wọn sílẹ̀ fún wa. Wọ́n ká a sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní kí n gbọ́ dáadáa o: kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni, kí a má fi bora.